Bí Mo Ṣe Di Ẹni Ìfura Lábẹ́ Òkè Búéà

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan kò dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Lokongoma, níbí ní Lọ́kọ́jà, láti bi mí bí Kamẹrúùnù ṣe rí. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá mo gun òkè ńlá náà dé orí. Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ. Ìyá kan nínú ìjọ wa tilẹ̀ fa ọwọ́ mi wò, ó ní òtútù ibẹ̀ ti jẹ́ kí n pọ́n. Mo rò pé ó sàn kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ju kí n máa sọ ọ́ ní ìlàjì-ìlàjì fún ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ará Kàbà ni wá, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́jà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́. Lọ́dọọdún, èmi ni mo máa ń kó àwọn ọmọ ìjọ wa lọ sórí Òkè Pàtí. A ó gùn ún láàárọ̀, a ó dúró lókè wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, a ó jẹ ìrẹsì wa, a ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń bẹ̀rù níbẹ̀ ni oòrùn. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi Fúnmi pè mí láti Búéà ní Kamẹrúùnù pé kí n wá lo ìsinmi ńlá lọ́dọ̀ òun, kí n bá òun kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ de ojú ọjọ́ orí òkè, mo rò pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa ni.

Fúnmi fẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, kì í sì í sábà sí nílé. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní òkè ìlú, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara òkè ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń dáko sí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọ ìsinmi, àwọn ọmọ á bá òbí wọn lọ sóko, òbí á sì rán wọn ṣáájú padà sílé pẹ̀lú kókò lórí. Ní ọdún tó kọjá, kùrukùru ká ọmọkùnrin kan mọ́ ojú ọ̀nà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i lábẹ́ àpáta. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n òtútù ti mú un débi pé kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí Fúnmi rántí mi.

Òkè tí n kò rí

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fura sí ní Búéà ni òkè náà fúnra rẹ̀. Ọ̀sán ni mo dé. Fúnmi mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó na ọwọ́ sókè, ó ní kí n wo òkè. Mo wò. Funfun ni mo rí, bí ẹni ta aṣọ àlà láti òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ dé ojú ọ̀run. Mo bi í pé níbo. Ó ní ibẹ̀ náà ni, pé ó kàn bo ojú ni. Ní ọjọ́ kejì, funfun. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, òjò. N kò sọ fún un, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ìdáwà ló ń ṣe àbúrò mi, tó fi wá fi ọ̀rọ̀ òkè tàn mí wá bá òun gbé.

Òtútù wọn kò jọ ọyẹ́ wa. Ọyẹ́ a máa gbẹ èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n tiwọn tutù, ó ń wọ inú aṣọ, ó ń wọ inú bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tí mo fọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, ó rẹ̀ mí láti máa fọwọ́ kàn án wò, kò gbẹ. Mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n wọ kóòtù àti fìlà onírun lọ sọ́jà bí ẹni ń lọ sí ìlú òyìnbó. Oòrùn á yọ, èmi á sáré kó aṣọ síta, kí n tó na èkejì sórí okùn, òjò ti dé. Mo ní kí ni irú èyí. Fúnmi rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde láti da omi nù, mo gbójú sókè, òkè sì wà níbẹ̀. Ó súnmọ́ mi débi pé mo fà sẹ́yìn. Ó dúdú, ó gbòòrò, ó gba odindi apá kan ojú ọ̀run. Igbó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, koríko wà lókè igbó, orí rẹ̀ sì gbẹ bí orí apárí. Bẹ́ẹ̀ ló ti wà lẹ́yìn wa láti ọjọ́ yìí wá, tí a ń jẹun, tí a ń sùn. Mo sáré wọlé lọ pe Fúnmi kó wá wò ó. Kí a tó jáde padà, funfun ti bò ó. Láti ọjọ́ náà, n kò fọkàn tán ojú ọjọ́ wọn mọ́, ó sì pẹ́ kí n tó fọkàn tán ohunkóhun mìíràn níbẹ̀.

Ashia

Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni "ashia". Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ashia. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ, ashia. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan, tí ẹ kàn jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó ń kọjá á ní ashia. Mo rò pé wọ́n ń káàánú mi ni, mo sì ń wo ara mi kiri bóyá aṣọ mi ya. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rántí pé àwa náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okun ni a fi ń kí ẹni tó ń roko, okun ni a fi ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ìkíni yìí náà ni wọ́n sì fi ń pe àwa ará Kàbà ní Okun. Ara mi wá balẹ̀ sí ashia wọn.

"Iya" ni àwọn ọmọ ń pè mí. Mo bi Fúnmi bóyá òun ló kọ́ wọn kí wọ́n lè fi mú inú mi dùn. Ó ní rárá, pé èdè àwọn onílẹ̀ ni, Iya ni wọ́n ń pe obìnrin tó ti dàgbà, Mola ni wọ́n ń pe ọkùnrin. N kò gbà á gbọ́ títí mo fi gbọ́ tí ẹlẹ́ran kan ní ọjà pe ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ wọn dára, n kò ní purọ́. Wọ́n ń lọ ẹ̀wà, wọ́n ń fi epo pupa pò ó, wọ́n ń pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n sì ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ ẹ́. Koki ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ jọ mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Wọ́n tún ń rin kókò, wọ́n ń fi ewé kókò wé e tín-ín-tìn-ìn-tín, wọ́n ń sè é pẹ̀lú ẹja yíyan àti epo. Èyí ni mo jẹ jù, mo sì jẹ ẹ́ títí Fúnmi fi ń wò mí.

Aládùúgbò kan ló máa ń gbé e wá fún mi nínú abọ́ onídèrí. Á jókòó, á máa wò mí bí mo ṣe ń jẹun, á sì máa bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìgbà wo ni mo máa lọ? Ṣé mo bímọ? Ṣé ọmọ mi ti dàgbà? Kí ló dé tí mo fẹ́ràn ọmọ ọlọ́mọ tó bẹ́ẹ̀? Mo ń dá a lóhùn, mo ń gbé òkèlè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, bí àwọn obìnrin ṣe máa ń bá ara wọn sọ.

Ìbéèrè mi

Inú kíláàsì kan ni a ti ń ṣe ẹ̀kọ́ ìsinmi náà. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú báàgì tó máa ń gbé lọ sóko wá. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n di súwẹ́tà wọn sínú ọ̀rá, kí wọ́n so ẹnu rẹ̀ kó tó wọ inú báàgì, nítorí súwẹ́tà tó ti rẹ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Kí wọ́n fi fìlà sí i, àti ohun jíjẹ díẹ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìsí ìdí. Fúnmi ra fèrè fún wọn, irú èyí tí rẹfirí ń fọn. Mo kọ́ wọn kí wọ́n máa wọ aṣọ kí òtútù tó mú wọn. Bí kùrukùru bá dé, tí ojú kò ríran dé igi tó kàn, kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, kí wọ́n fọn fèrè, kí wọ́n má sì pínyà, ẹni yòówù kó pè wọ́n. A ń fi ṣeré nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Màá pariwo pé kùrukùru dé, wọn á sáré jókòó, wọn á máa fa súwẹ́tà wọ̀ bí ẹní ń bá ara wọn du ipò kìíní.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní irú nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí ọmọ náà ń gbà. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà wo lò ń gbà láti oko délé? Ta ló máa ń bá ọ rìn? Ibo lo ti máa ń dá wà? Mo ń ya ọ̀nà wọn sára pátákó, inú wọn sì ń dùn láti rí ilé wọn níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, Enanga, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tó kàn án, kò dá mi lóhùn. Mo tún bi í. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Mo rò pé olórí kunkun ni, mo sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ kejì, ìjókòó kò kún mọ́. Mo bi àwọn tó wá pé àwọn yòókù ńkọ́. Wọ́n ń wo ara wọn.

Ọkùnrin abẹ́ igi píà

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ṣàkíyèsí ọkùnrin kan. Nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ jáde, yóò ti dúró sábẹ́ igi píà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, nínú kóòtù òjò dúdú, pẹ̀lú àdá tó fi aṣọ wé lábẹ́ abíyá. Kì í kí ẹnikẹ́ni. Kì í bá ẹnikẹ́ni lọ. Ó ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń jáde, á wò wọ́n títí ẹni ìkẹyìn á fi kọjá, á wá yíjú wo ẹnu ọ̀nà ibi tí mo dúró sí.

Ẹ̀yin náà mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Nílé wa níbí, ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ ọmọ láti sá fún un. Fúnmi kò sí nílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kún mi nínú, ó ti lọ sọ́jà. Mo pa ìlẹ̀kùn kíláàsì dé, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo tọ́ka sí ojú fèrèsé.

"Ẹ rí ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú yẹn. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ bá a lọ síbì kankan, kódà bó bá ní ìyá yín ló rán òun."

Àwọn kan bo ẹnu. Enanga dìde dúró, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bi í ní ìbéèrè.

"Bàbá mi ni," ó ní.

Ta ló rán yín?

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti káàkiri gbogbo òkè ìlú. Àwọn òbí wá. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn ọmọ wọn, orúnkún wọn ga dé àyà, kò sì sí ẹni tó fi ṣe ẹ̀rín. Ilẹ̀ náà ti rí ìjà láti ọdún mélòó kan wá. Ojú wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo àjèjì. Aládùúgbò tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi wà láàárín wọn. Ìgbà náà ló yé mi pé gbogbo ìbéèrè tó ń bi mí lórí oúnjẹ, ó ń lọ jábọ̀ rẹ̀ síbì kan.

Bàbá Enanga ló sọ̀rọ̀. Mola Njie ni wọ́n ń pè é. Ó ń fi pijin sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí n lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ ti ibi tí a kò mọ̀ wá. Ẹ kó ọmọ jọ. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń dá wà. Ẹ yà á sára pátákó. Ẹ wá sọ fún wọn pé bí bàbá wọn bá pè wọ́n, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ẹ. Ta ló rán yín?"

Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí, pé ìyá kan náà ló bí wa. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró níbẹ̀, mo ronú pé bí obìnrin àjèjì kan bá jókòó sí Paparanda ní Lọ́kọ́jà wa, tó ń bi àwọn ọmọ wa ní ọ̀nà ilé wọn, kó tó parí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àwọn ọlọ́kadà á ti yí i ká. Èmi gan-an ni ǹ bá sì kọ́kọ́ pariwo.

"Kò sí ẹni tó rán mi," mo ní. "Àbúrò mi ló pè mí. Ohun tí ẹ bi mí yìí, èmi náà ì bá bi yín bó bá jẹ́ ilé mi ni. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etí igbó lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n lè ṣe ohun tí wọ́n kọ́. Mola, ẹ bá wa lọ. Ẹ máa wò mí."

Ó ní òun máa lọ, ṣùgbọ́n kí n má rò pé òun gbà mí gbọ́. Mo ní èmi náà kò tíì mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni mo sọ. Bàbá ọmọ kan ni, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ló ń wò ní gbogbo ọ̀sán, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ti lọ sílé?

Etí igbó

Oòrùn là ní Sátidé yẹn bí ẹni fi omi fọ ojú ọ̀run. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ló wá, àwọn tí òbí wọn gbà nítorí Mola Njie. Fúnmi dúró ti àwọn kéékèèké nílé-ẹ̀kọ́. Bí a ṣe ń gòkè la oko kókò kọjá, àwọn ọmọ ń ráhùn pé kí ni àwọn ń gbé súwẹ́tà fún nínú ooru. Èmi náà ń làágùn. A ré kòtò àgbàrá kan kọjá, gbígbẹ ni, òkúta ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń fò láti orí òkúta kan dé orí òmíràn.

Mola Njie wà lẹ́yìn. N kò fẹ́ràn kí àdá wà lẹ́yìn mi, nítorí náà mo ń bojú wẹ̀yìn. Òun náà kò gbójú kúrò lára fóònù mi. Nígbà tí mo ya fọ́tò àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń mumi, ó súnmọ́ mi, ó ní kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n fi hàn òun pé kò sí mọ́. Mo fi hàn án.

A dé etí igbó. Ìlú wà nísàlẹ̀ wa, òkun ńlá ń dán lọ́nà jíjìn réré. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n jókòó sinmi nígbà tí atẹ́gùn tútù kan fẹ́ kọjá lọ́rùn mi. Mo gbójú sókè wo orí òkè, nítorí mo rò pé láti ibẹ̀ ni kùrukùru á ti wá. Ojú ọ̀run mọ́ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ó ti bo òkun, ó ti bo ìlú, ó ń gòkè wá bá wa láàárín oko, láìdún. Kí n tó lanu, n kò rí ọ̀nà tí a gbà wá mọ́.

Fèrè dún. Ọmọ ló fọn ọ́n, kì í ṣe èmi. Wọ́n súnmọ́ ara wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń tú ọ̀rá, wọ́n ń fa súwẹ́tà wọ̀. Èmi tí mo kọ́ wọn ṣì dúró gbagidi.

Mola Njie ní kí gbogbo wa dìde. Ó ní òun mọ ọ̀nà yìí láti kékeré, pé òjò ń bọ̀ lẹ́yìn kùrukùru náà, ó sàn kí a ti máa sọ̀ kalẹ̀. Mo ní rárá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kò dára, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́: mo rò pé bóyá àwọn kan ń dúró dè wá nísàlẹ̀ nínú funfun yẹn. Mo tún sọ pé a kò lọ síbì kankan. Ó wò mí bí ẹni rí olè, ó sì di ọwọ́ Enanga mú láti fà á dìde.

Enanga kò dìde.

"Papa, a kò gbọdọ̀ pínyà," ó ní. "Ẹ jókòó tì wá."

Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní ó fi agbára fà á. Nígbà tó yá, ó fi àdá rẹ̀ sílẹ̀ nínú koríko, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí àwọn ọmọ lè wà láàárín èmi àti òun.

Òjò dé, òtútù rẹ̀ bí omi inú firíìjì. Ọmọkùnrin kan tú ọ̀rá tirẹ̀, gúáfà ló kún inú rẹ̀. Ó ti yọ súwẹ́tà sílé kí àyè lè gba gúáfà. Kí n tó bá a wí, Mola Njie ti bọ́ kóòtù dúdú rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà àti ẹni tó jókòó tì í. Ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù lọ́rùn rẹ̀. A pín gúáfà náà jẹ. Eyín mi ń lu ara wọn, mo sì ń díbọ́n pé mo ń jẹun.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ariwo kan nísàlẹ̀. Ọmọ kan bèèrè bóyá ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni. Mola Njie ní omi ni, pé ó ti dé inú kòtò tí a ré kọjá.

Lẹ́yìn náà, láìwo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni ọmọ tí wọ́n rí lábẹ́ àpáta lọ́dún tó kọjá. Àwọn jọ wà lóko lọ́jọ́ náà. Òun ló rán an ṣáájú lọ sílé.

"Mo ní kó máa lọ, pé ó mọ ọ̀nà," ó ní. "Ó sì mọ̀ ọ́n."

Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń dúró sábẹ́ igi píà lọ́sàn-án, kí òun lè rí i pé ẹni tó jáde dé orígun ọ̀nà. Mo ní ashia. Ó mi orí.

Nígbà tí funfun náà ká kúrò, ó ká kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ká aṣọ. Ọ̀nà wà níwájú wa gan-an, níbi tí ó ní ó wà. Àṣìṣe kankan kò sí nínú ohun tó sọ. A sọ̀ kalẹ̀ dé etí kòtò, omi pupa ń gbé òkúta yí nínú rẹ̀. Bóyá à bá ti ré e kọjá kí omi tó dé, bóyá à bá sì wà láàárín rẹ̀, òun kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀. A dúró wò ó títí omi náà fi fà. Mola Njie wá ń gbé àwọn ọmọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń kà wọ́n sókè bó ṣe ń gbé wọn sọ̀. Ó ń kà wọ́n lábẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí a parí, ó bi mí pé mélòó. Mo sọ fún un. Ó ní òun náà kà á bẹ́ẹ̀.

Ilé

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kíláàsì kún. Mola Njie mú àwọn àbúrò Enanga méjì wá, àwọn tí kò tíì tó ẹni tó ń dá rìn lọ sóko, ó fi wọ́n jókòó síwájú. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó sọ ni pé òun kò tíì mọ̀ mí síbẹ̀, pé òun ò ní dẹ́kun àtimáa wò mí títí n ó fi lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ nílé, aládùúgbò wa gbé abọ́ kókò kan wá fún mi fún ojú ọ̀nà, ó tún bi mí pé ìgbà wo ni n ó padà wá. N kò lè sọ títí di òní bóyá ó fẹ́ kí n padà ni tàbí ó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò máa ṣọ́ra.

Lọ́kọ́jà gbóná nígbà tí mo dé. Aṣọ mi gbẹ kí n tó parí sísá rẹ̀, mo sì dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo ń gbádùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì dé, ìjì ṣì ń jà láti orí odò lọ́sàn-án. Nígbà tó tó àkókò láti kó àwọn ọmọ ìjọ lọ sórí Òkè Pàtí, mo ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀wù òjò àti ohun tó máa fi gbóná wá. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo ti di ará ibi òtútù. Mo tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn ìsìn, mo ń bi wọ́n pé ta ló máa wá mú wọn, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà, ta ló máa ń bá wọn rìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn náà, ìyá kan yọ sí wa ní ìsàlẹ̀ òkè nínú bàtà kánfáàsì tuntun. Kì í bá wa lọ tẹ́lẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Àtijọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà lára àwọn tí mo bi léèrè ọ̀rọ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa rìn, pé kí n má bínú, òun kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

Mo mọ ohun tó wá ṣe. Mo ní kó dúró sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí yóò ti máa rí gbogbo àwọn ọmọ, tí yóò sì máa rí èmi náà.